Bàbá Òṣùwọ̀n àti Àwo Ìyá Rẹ̀

Kì í ṣe òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà, Bàbá Òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi pè é, ara rẹ̀ a yá gágá. Ibi tó bá ń lọ ni òṣùwọ̀n kékeré tó fi ń wọn oúnjẹ ń bá a lọ nínú báàgì. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un níbi àlejò, kò ní tètè jẹ ẹ́. Yóò kọ́kọ́ gbé àwo náà lé àtẹ́lẹwọ́, yóò gbójú sókè bí ẹni ń gbọ́ ohùn kan lọ́ọ̀ọ́kán, yóò wá sọ bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe wúwo tó. Bí wọ́n bá gbé e lé òṣùwọ̀n, bó ṣe sọ ọ́ náà ló máa ń rí. Àwọn èèyàn a pàtẹ́wọ́, òun náà a sì mi orí díẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kékeré ni. Irọ́ ni. Kò sí ohun tó jọ ọ́ lójú tó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ilé ìdáná ọsibítù ni ọwọ́ yẹn ti kọ́ ọgbọ́n. Akọ̀wé lásán ni wọ́n gbà á sí níbẹ̀, kó máa ṣètò oúnjẹ àwọn aláìsàn, ẹni tí yóò jẹ líle àti ẹni tí yóò mu olómi. Nígbà tó yá, wọ́n rán an lọ kọ́ nípa oúnjẹ àti ìlera. Ó mú ìwé ẹ̀rí bọ̀, ó sì mú àṣà kan bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀: kí wọ́n tó gbé àwo lọ fún aláìsàn, yóò wọ̀n ọ́n, bí wọ́n bá gbé e padà, yóò tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín nínú rẹ̀ ni aláìsàn jẹ. Nọ́ọ̀sì lè sọ pé aláìsàn jẹun dáadáa, aláìsàn fúnra rẹ̀ lè búra, kò kàn án. Ó ní òun kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹnu, àwo ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwo yìí ló sọ ọ́ di òǹkọ̀wé. Olóòtú ìwé ìròyìn kan ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọsibítù náà. Orí ibùsùn ló wà tó ti ń gbọ́ bí Bàbá Òṣùwọ̀n ṣe ń bá aláìsàn kejì jiyàn lórí ẹ̀wà ṣíbí mélòó kan, ó sì rẹ́rìn-ín títí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ fi ń dùn ún. Ó ní kó wá máa kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Bí abala tí wọ́n ń pè ní “Kí Ló Wà Nínú Àwo Yín?” ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìyálé ilé ń gé e lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Ó kọ ìwé lórí oúnjẹ ọmọ iléèwé, ó kọ òmíràn lórí oúnjẹ aláboyún, méjèèjì sì tà. Nígbà tó rí i pé kálàmù ti ń bọ́ òun ju ilé ìdáná lọ, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé tábìlì kan sí yàrá òkè nílé rẹ̀, ó di òǹkọ̀wé pátápátá.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Aṣọ ibùsùn onílé ni ìyá náà ń fọ̀ kiri, títí èékánná rẹ̀ fi funfun bí èyí tí wọ́n bọ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú un, dókítà ní kí wọ́n dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Dín kù ni dókítà sọ o. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti kọ ìwé méjì lórí oúnjẹ, ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ dín kù. Ó mú ìyá náà wá sílé ara rẹ̀, ó fún un ní yàrá ìsàlẹ̀, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, òun fúnra òun ni yóò máa se oúnjẹ Màámi. Iyọ̀ lọ. Ata lọ. Epo lọ. Àlùbọ́sà nìkan ló kù, òun náà kò sì ju ìwọ̀nba.

Ẹja tí wọ́n fi omi lásán bọ̀ ni, ẹ̀wà tí wọ́n gún kúnná, ọ̀dùnkún tí wọ́n pò mọ́ kárọ́ọ̀tì. Yóò wọ̀n ọ́n nínú ilé ìdáná, yóò gbé e wọlé, yóò ní, “Màámi, ó ti dé o,” yóò sì jáde. Bó bá ṣe díẹ̀, yóò padà wá gbé àwo. Òfìfo ni yóò bá a. Yóò gbé e lé òṣùwọ̀n, yóò rí i pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, yóò sì gun òkè lọ kọ ọ́ sínú ìwé tuntun tó ń kọ fún àwọn àgbàlagbà. Àwo Ìyá Mi ló pe ìwé náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnu àgbà lè kọ́ láti fẹ́ràn oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ rárá, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílé òun, torí pé Màámi máa ń jẹ àwo tiwọn mọ́ débi pé ẹni tó bá rí i yóò rò pé ahọ́n ni wọ́n fi lá a. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ ọn. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i fún ara rẹ̀.

Kí n má fi bò, òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ oúnjẹ náà. Yóò fi ṣíbí tọ́ ọ wò lórí iná, ó tán. Oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ, pẹ̀lú iyọ̀ àti ata rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọpọlọ ni òun ń ṣe.

Télọ̀ ni ìyàwó náà, pálọ̀ ló ti ń ránṣọ. Òun ló máa ń gbé tíì àti búrẹ́dì wọlé fún ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ó ti gba aṣọ ìyá náà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ torí pé ó ti fẹ̀ jù fún un, kò pẹ́ ló tún gbà á wọlé. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní omi tí iyọ̀ kó sí Màámi lára ló ń fà, ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn, òun yóò tilẹ̀ fi í sínú ìwé. Ìyàwó ní ṣé kò ní í dára kí ó máa jókòó ti Màmá bí wọ́n bá ń jẹun. Ó ní rárá, bí èèyàn bá jókòó ti ẹni tó ń jẹun, kò ní jẹun bó ṣe yẹ, ìṣirò òun yóò sì dàrú. Ìyàwó wò ó, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ajá tún wà ńbẹ̀. Ajá káfíńtà kan wà tó máa ń sùn sórí ìyẹ̀fun pákó nínú àgbàlá, ajá jẹ́jẹ́ tí kò já mọ́ nǹkan tẹ́lẹ̀. Lójijì, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ó sanra, ó ń rìn bí olóyè. Bàbá Òṣùwọ̀n, tí kì í lè rí ohun tó ń jẹun kó dákẹ́, béèrè lọ́wọ́ káfíńtà pé kí ló ń fún ajá yìí jẹ. Káfíńtà ní ó ya òun náà lẹ́nu, pé ajá náà kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹnu kan oúnjẹ òun mọ́. Inú Bàbá Òṣùwọ̀n dùn débi pé ó sáré gun òkè. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí àwọn òǹkàwé wá wo ajá aládùúgbò òun, tó jẹ́ pé díẹ̀ ló ń jẹ, tí ara rẹ̀ sì ń dán. Pé àwa èèyàn ni a ń fi ọ̀pọ̀ oúnjẹ pa ara wa. Káfíńtà gé e jáde, ó kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nígbà tí ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwòrán Màmá gan-an ni àwọn fẹ́ lẹ́yìn ìwé, níbi tó ti ń jẹun tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n rán obìnrin ayàwòrán kan wá. Ọ̀sán ni. Ìyàwó wọ aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé fún ìyá náà, ó fi ọwọ́ tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Bàbá Òṣùwọ̀n se oúnjẹ, ó wọ̀n ọ́n níṣojú ayàwòrán, ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ dárà díẹ̀ kó tó wọ̀n ọ́n, obìnrin náà sì pariwo ìyàlẹ́nu bó ṣe yẹ. Ọjọ́ náà dùn títí di ìgbà yẹn.

Ìyá ní ebi kò pa òun. Ayàwòrán ní ṣíbí kan péré ni òun ń wá. Ìyá fi ṣíbí bu ọ̀dùnkún, ó fi sẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ó rẹ́rìn-ín náà títí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sì wú. Obìnrin náà ní kí Màmá jọ̀wọ́ gbé e mì, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń hàn nínú fọ́tò. Ìyá gbìyànjú. Ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kò yí padà, omi sì lé ròrò sí i lójú. Bàbá Òṣùwọ̀n ní ọ̀rọ̀ fọ́tò ló ń dẹ́rù bà á. Ayàwòrán gbà bẹ́ẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ tilẹ̀ kéré, ó lọ ṣí kọ́tìnnì.

Ajá káfíńtà wà níbẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ojú fèrèsé, ahọ́n rẹ̀ wà níta, ìrù rẹ̀ ń gbá ògiri gbà, gbà, gbà. Aago oúnjẹ rẹ̀ ló kọjá. Ìyá náà kò rò ó, ọwọ́ ló ti mọ́ lára. Ó gbé àwo náà síwájú ajá bó ṣe ń gbé e látọjọ́ yìí. Kó tó rántí pé èèyàn wà ní yàrá, ajá ti ki ẹnu bọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, àwo ti mọ́ tónítóní. Ìka ayàwòrán sì ti tẹ kámẹ́rà.

Káfíńtà tó ń wá ajá rẹ̀ yọ lẹ́yìn fèrèsé, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ajá, ó wo àwo, ó wo Bàbá Òṣùwọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ibí ló ti ń jẹun kẹ̀?”

Ayàwòrán kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n ìyá náà kó lè tu ọ̀dùnkún ẹnu rẹ̀ sí i. Ojú ti Bàbá Òṣùwọ̀n débi pé etí rẹ̀ ń hó. Gbogbo ohun tó ti kọ ló ń padà wá bá a: ẹnu àgbà, omi tó ń fà, ahọ́n tó lá àwo. Ajá ló ń kọ̀wé nípa rẹ̀ látọjọ́ yìí. Àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Ohun tó yẹ kí ẹni tí ojú tì ṣe ni kó dákẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ṣe é. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí, lójú àlejò.

“Màámi, ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́.”

Ìyá náà nu ẹnu. Kò bínú. Bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí ẹran nínú ìkòkò ló rí, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Torí orúkọ yẹn náà ni, ọkọ mi,” ó ní. “Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyá ẹ gan-an ò lè gbé e mì, ta ló máa ra ìwé ẹ?”

Bàbá Òṣùwọ̀n ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun.

“Ìgbà wo ni n bá sọ ọ́? Wàá gbé àwo wọlé, wàá lọ. Wàá wá gbé àwo, wàá lọ. Àwo lo máa ń wọ̀n, o ò wọn èmi rí.”

Ó fẹ́ dìde kó lè tún kọ́tìnnì fà, bóyá kí ayé má baà máa wo ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ìyàwó ló tètè mú un kó tó kanlẹ̀.

Ọkọ̀ káfíńtà ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù, àárín pákó ni ìyàwó jókòó sí. Bàbá Òṣùwọ̀n ló gbé ìyá rẹ̀ láti orí ibùsùn dé ìdí ọkọ̀. Ó ti múra láti gbé ẹrù, ó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, ó fa èémí sínú. Kò pọn dandan. Ìyá náà dìde wá sọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí aṣọ tí wọ́n ká kúrò lórí okùn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí kì í ṣìṣe sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ṣẹ́ kù tó, kò bi wọ́n léèrè. Ó dúró síbẹ̀. Ìyá ní ṣé òun ń wúwo ni. Ó ní rárá.

Ọsibítù tó ti ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí i lókèèrè, ó kígbe orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Kò mọ nǹkan kan. Ó gba ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè gbé e sórí ìjókòó tí wọ́n fi ń wọn aláìsàn, ó sì nawọ́ dá a dúró bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń bá a ṣeré ní ilé ìdáná.

“Bàbá Òṣùwọ̀n, ó dọwọ́ yín o. Ẹ kọ́kọ́ sọ iye tí Màmá wọ̀n, ká wò ó bóyá ọwọ́ yín ò tíì gbàgbé.”

Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké méjì sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n ti gbọ́ ìtàn ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Òṣùwọ̀n mọ iye náà. Òun ló yẹ kó mọ̀ ọ́n kí aṣọ tó mọ̀ ọ́n. Ó yíjú sí ògiri, sí ibi tí wọ́n lẹ àwòrán èso oríṣiríṣi mọ́, ó sì ń sunkún bí ọmọdé, àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀,” ìyá rẹ̀ ní láti orí ìjókòó. “Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.”

Dókítà kan náà ló wá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ebi lè ṣe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dẹ́rù bani pé òun yóò ṣe. Ó béèrè ẹni tó ní kí wọ́n yọ iyọ̀ kúrò pátápátá. Ìyàwó wo ilẹ̀. Bàbá Òṣùwọ̀n ní òun ni. Wọ́n dá ìyá náà dúró títí ó fi lè dá rìn lọ sí ilé ìwẹ̀, wọ́n wá ní kó máa lọ sílé, kó máa jẹ ohun tó wù ú lẹ́nu, kí iyọ̀ inú rẹ̀ kéré.

Bàbá Òṣùwọ̀n pe àwọn tó ń tẹ ìwé, ó ní kí wọ́n dá ìwé náà dúró. Wọ́n ti gbọ́. Ayàwòrán kì í ṣe odi. Ẹni tó gbé fóònù sọ pé bí àwọn bá fi fọ́tò ajá yẹn sẹ́yìn rẹ̀, yóò tà ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Kò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Ó ní kí wọ́n da ìwé òun padà fún òun.

Abala ìwé ìròyìn ló kù. Ojúmọ́ mọ́, ó jókòó, ó kọ nípa ọkùnrin kan tí òun mọ̀, tó ń bọ́ ajá aládùúgbò, tí òun fúnra rẹ̀ sì rò pé ìyá òun ni òun ń bọ́. Ó gbé e wá fún ìyàwó rẹ̀ ní pálọ̀. Ìyàwó kà á títí dé ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà.

“Ta ni ọkùnrin kan?” ó béèrè.

Ó gbà á padà, ó gun òkè. Ó pa “ọkùnrin kan” rẹ́ níbi gbogbo, ó kọ “èmi”. Gbogbo ibi tó bá ti kọ ọ́ ni ojú tún ń tì í lọ́tọ̀, àfi bíi pé ẹnì kan ń ká a mọ́ ibì kan náà léraléra. Ó fi ránṣẹ́ kó tó lè yí ọkàn padà. Ìwé ìròyìn jáde, àdúgbò kà á, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó bí ajá bó bá ń kọjá. Káfíńtà ti rọra yọ bébà tó kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì sọ pé òun yọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìwé ìròyìn jáde, ìyàwó rẹ̀ se oúnjẹ fún ìyá, iyọ̀ díẹ̀, ata díẹ̀. Bàbá Òṣùwọ̀n náà wọ ilé ìdáná, ó pò ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì pọ̀ bó ṣe máa ń pò ó, ó bu ti ara rẹ̀ kún àwo ìyá rẹ̀ àtijọ́, ó gbé e wọ yàrá ìsàlẹ̀, ó fa àga. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò jókòó síbẹ̀. Ìyá wo àwo, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ń jẹ tirẹ̀.

Ó jẹ ṣíbí kìíní, ó jẹ èkejì. Ó pinnu pé òun yóò jẹ ẹ́ tán, bó jẹ́ ìyà ni òun yóò jẹ ẹ́. Nígbà tó fi máa dé ìdajì, ọ̀fun rẹ̀ ti ń dí. Ó fi kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń yí i kiri lẹ́nu, kò lọ. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ìyá rẹ̀ ti ń wò ó, ó sì mọ̀ pé wọ́n mọ ohun tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà dáadáa. Ojú tún tì í. Níta, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ fèrèsé.

“Má fipá jẹ ẹ́, ọkọ mi,” ìyá rẹ̀ ní. “Ó ti ń dúró dè ẹ́.”

Ó dìde, ó ṣí kọ́tìnnì, ó sì gbé àwo náà síwájú ajá.